Orúkọ Baba Lórí Fọ́ọ̀mù

Ọkùnrin kan wà ní Ìdọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ omi ìjọba. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kàn lè wọlé wá gbà. Ìjọba yà á sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú, kí ìlú kọ̀ọ̀kan lè rí ọmọ tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ọba. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti gba ìwé ní káńsù, ìwé tó fi hàn pé ọmọ Ìdọ̀fẹ́ ni.

Ìdọ̀fẹ́ ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó. Ìyá rẹ̀, tó ti dolóògbé, jẹ́ ọmọ agboolé Ọ̀dọ̀fin. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kì í ṣe ará ibẹ̀. Lagílagí ni bàbá náà. Òdìkejì odò ló ti wá la gẹdú, ó sì ti lo ogójì ọdún nínú ìlú náà tí wọ́n ṣì ń pè é ní àlejò.

Nígbà tí akọ̀wé ń kọ fọ́ọ̀mù láti gba ìwé náà, ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ baba, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ẹni tí í ṣe olórí agboolé.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà rò ó wò. Ọmọ tí obìnrin ilé bí kì í jẹ oyè ilé wa. Oyè tí a fọwọ́ ara wa dá sílẹ̀ o! Ṣé ìjọba ni yóò wá gbé iṣẹ́ ìlú lé e lọ́wọ́?"

"Kí wá ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Lọ́dún tí igi wó lu lagílagí lẹ́sẹ̀, ilé ta lo gbé?"

"Ilé yín ni, sà."

"Ó parí. Kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Kò béèrè ní káńsù bóyá òfin oyè náà ni òfin iṣẹ́. Ta ní í béèrè ohun tí gbogbo ilé ti mọ̀?

Ìgbà tó lọ sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá náà ń pọ́n ayùn. Kò gbójú sókè. "Ìwé ni ìwé ń jẹ́," ni ó wí. "Ṣé mo ṣì lè pè ọ́ wá jẹun?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Ìjọba wá gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti yẹ ìwé gbogbo àwọn tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ní ìlú tó tẹ̀ lé Ìdọ̀fẹ́, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí ẹnì kan kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i: akọ̀wé iléeṣẹ́ omi kì í ṣe ọmọ Ìdọ̀fẹ́, lagílagí àlejò ló bí i, ìyá rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ọmọ Ọ̀dọ̀fin. Akọ̀wé gba ìwé ìpè ní ọjọ́ Ajé. Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́, ọmọ méjì mìíràn wà nílé ìwé, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Gbọ̀ngàn káńsù ni wọ́n ti jókòó. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ adájọ́ ni alága. Ó mú kí gbogbo wọn búra, ó sì kọ́kọ́ pe olórí agboolé.

"Bàbá, ọmọ ta ni ọkùnrin yìí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ bí i?"

"Ọmọ wo ni wọ́n máa bí sínú ilé mi tí kò ní jẹ́ ọmọ mi?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. "N kò béèrè ẹni tó tọ́ ọ, Bàbá. Ta ló bí i?"

Arúgbó náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Èmi ni."

"Ẹ pe lagílagí wọlé."

Akọ̀wé kò mọ̀ pé wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Bàbá náà tiro wọlé nínú bùbá funfun tí ìlà ìká aṣọ ṣì hàn lára rẹ̀. Kò wo ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni alága wí.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n dúró. Bí mo bá jókòó, a óò ní láti ránṣẹ́ sí ìlú kí wọ́n tó gbé mi dìde."

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú ojú le. "Ẹ wo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yẹn dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Lagílagí yíjú. Ó wo akọ̀wé bí ẹni ń wo ìtì igi kó tó fa ayùn lé e. Akọ̀wé rí i pé iṣẹ́ òun, ilé òun àti oúnjẹ àwọn ọmọ òun ti wà lẹ́nu bàbá yìí báyìí.

"Mo máa ń rí wọn lọ́nà," ni lagílagí wí.

"Ṣé ọmọ yín ni?"

"Èmi? Èmi tí n kò kàwé, níbo ni mo ti máa rí irú akọ̀wé yìí bí? Rárá, Màmá. N kò bí i."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alága kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì kọjú sí akọ̀wé. "Ìwọ ńkọ́? O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ṣé òótọ́ ni?"

Fáànù ń yí lókè. Akọ̀wé wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà mi orí, díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Sọ ọ́, ni orí náà ń wí.

"Òótọ́ ni, mà. N kò mọ̀ wọ́n."

Alága pa fáìlì dé. "Kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ. Padà sẹ́nu iṣẹ́."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. Alága ṣì mú lẹ́tà ẹlẹ́sùn náà lọ́wọ́, ó jù ú sórí tábìlì. "Ẹni tó kọ èyí kàn fi àkókò wa ṣòfò ni. Ká tilẹ̀ ní òótọ́ ló kọ, kí ló wá já sí? Òfin kò sọ pé baba nìkan. Baba tàbí ìyá, èyí tó bá jẹ́ ọmọ ìlú nínú wọn ti tó. Ọmọ Ọ̀dọ̀fin ló pe ìyá ọkùnrin yìí, ìyẹn ni pé òun náà gbà pé ọmọ Ìdọ̀fẹ́ ni ìyá náà. Bí orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù kò bá tọ̀nà, a óò kàn ní kó lọ búra ní kóòtù, kó tún un kọ ni. Ẹ pe ẹni tó kàn."

Olórí agboolé tẹ orí ba. Lagílagí ti dé fìlà rẹ̀, ó ti ń tiro lọ.

Akọ̀wé sáré bá a lórí àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn ti ń dúró de ìpè. "Bàbá," ni ó wí.

Lagílagí dúró. Ó ṣí fìlà bí wọ́n ti í ṣí i fún òṣìṣẹ́ ọba. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá akọ̀wé," ni ó wí. "Ẹ kú orí ire." Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wé kò mọ̀ bóyá nítorí ojú àwọn ènìyàn ni bàbá òun ṣe kí òun bẹ́ẹ̀, tàbí nítorí ohun tó gbọ́ lẹ́nu òun. Kò lè béèrè níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè lọ béèrè nílé, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lábẹ́ ìbúra ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá náà, ó ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́. Ó ń ṣe é títí di òní.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, má tíì bú akọ̀wé. Ẹnì kan wà nílé rẹ tí o kì í dárúkọ níbi iṣẹ́, tí o kì í mú dé àwùjọ, nítorí o gbà pé bí wọ́n bá mọ̀ pé tìrẹ ni, ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ ọ. Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o béèrè? Lọ́la, lọ bá ẹni tí òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, kí o béèrè. Bí ó bá sì sọ fún ọ pé àfi kí o sẹ́ ẹni náà, má dá a lóhùn níbẹ̀. Kọ́kọ́ padà sílé, kí o jókòó ti ẹni náà, kí o wò ó lójú.