A Kì Í Po Ẹkún Sínú Igbá

Àwọn ará etíkun máa ń sọ pé, “A kì í po ẹkún sínú igbá.” Àjèjì tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín: ta ló gbé igbá, ta ló fẹ́ po ẹkún? Akíntìmẹ́hìn ló fà á.

Iyọ̀ ni Akíntìmẹ́hìn ń sè. Á bu omi òkun sí ìkòkò, á koná mọ́ ọn títí omi á fi gbẹ, tí iyọ̀ á kù nísàlẹ̀. Iṣẹ́ náà gun orí rẹ̀. Kò sí ohun tí kì í tú palẹ̀: á ní afẹ́fẹ́ ẹnu lásán ni oríkì, orúnkún tó ká lásán ni ìkúnlẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọgbọ́n òun ni wọ́n ń yẹ́ sí.

Ìgbà tí Dúrójayé ọmọ rẹ̀ kú, ẹ̀rín tán. Àwọn obìnrin ilé wá jókòó ti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ kó má baà dá ẹkún náà sun. Akíntìmẹ́hìn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí lẹ pé jọ lé lórí? Kí tiẹ̀ ni ẹkún? Omi àti iyọ̀ ni. Mò ń sè é lójoojúmọ́. Ẹ máa lọ sílé yín.”

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ìyá Akíntìmẹ́hìn nìkan ló kọ̀. Ó gbé orí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lé itan, àwọn méjèèjì sì sunkún ọmọ náà tẹ́rùn. Ìbídùn ò gbàgbé itan yẹn. Kò sì gbàgbé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Nígbà tó yá, ìyá àgbà kú. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn obìnrin ilé ní í sunkún yí ilé ká kí wọ́n tó gbé àgbà wọlẹ̀. Òkú tí wọn ò sunkún fún, bí ẹni tí kò bímọ ló rí. Akíntìmẹ́hìn jókòó, ó ń retí wọn. Ilé pa lọ́lọ́.

“Ìbídùn, àwọn obìnrin dà?”

Ìbídùn gbé igbá omi kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i, ó rò ó pọ̀.

“Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ẹkún wọn wá, bàbá Dúrójayé. Ẹ máa wọ́n ọn yí ilé ká.”

“Ìyá mi nìyí, Ìbídùn! Ìyá tó bí mi ni!”

“Omi àti iyọ̀ ni.”

Akíntìmẹ́hìn bú sẹ́kún, òun nìkan nínú ilé ńlá. Ó dun Ìbídùn, ká sòótọ́. Ó ti sunkún ìyá àgbà létí òkun kó tó wọlé, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ṣùgbọ́n kò jókòó tì í. Ó fi igbá sílẹ̀, ó jáde.

Bí wọ́n ṣe sin ìyá náà láìsí ẹkún obìnrin nìyẹn. Akíntìmẹ́hìn ò kúkú parọ́: ohun tó wà nínú igbá yẹn náà ló wà nínú omijé. Síbẹ̀, a kì í po ẹkún sínú igbá.