Èèkù Ọ̀bẹ Lágbàyí

"Èèkù funfun kì í jẹ́rìí alápatà." Àwọn ọmọ ìwòyí á ní, ṣé èèkù ọ̀bẹ lẹ́nu tí yóò fi jẹ́rìí ni? Ó lẹ́nu, ẹ̀yin ẹ fetí sílẹ̀.

Ogún ọdún ni Lágbàyí fi ń dú màlúù ní Òkè-Agbède. Ó mọṣẹ́, ó sì tún ń fọ́nnu: "Bí mo bá wúkọ́ báyìí, màlúù á dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀!" Nígbà tí olórí alápatà kú, kò sí ohun tí Lágbàyí ń fẹ́ láyé mọ́ ju oyè náà lọ. Àtàndá nìkan ló bá a dù ú, ọ̀lẹ paraku tí í wá ibi òjìji jókòó sí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń bó awọ.

Ọ̀bẹ eléèkù eegun, funfun báláú, ni wọ́n ń fún alápatà lọ́jọ́ tó bá gbàṣẹ́. Bí oyè bá ṣí sílẹ̀, àwọn àgbà á gba ọ̀bẹ àwọn tó ń dù ú, wọn ò ní béèrè ẹni tó ni èwo, kí wọ́n má baà ṣojúsàájú. Ohun tí wọ́n ń wò lára rẹ̀, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Lágbàyí gbé tirẹ̀ yẹ̀ wò. Ọ̀rá àti òógùn ti mú kí èèkù rẹ̀ pọ́n, ibi àtàǹpàkò ti dúdú.

"Èèwọ̀! Ṣé ìdọ̀tí yìí ni n ó gbé síwájú àgbà?"

Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló mú kó pọ́n."

"Kí lo mọ̀ nínú ọ̀bẹ?"

Lágbàyí fi eérú bò ó, ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn títí ó fi funfun bí òwú. Àtàndá ní tirẹ̀ ò fọ nǹkan kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ̀bẹ rẹ̀ di ọ̀bẹ ìdáná, tó ń fi ọwọ́ elépo bẹṣu, tó ń fi í gé ẹja.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà yí ọ̀bẹ méjèèjì síwá sẹ́yìn.

"Ẹni tó ni dúdú yìí ti jìyà iṣẹ́. Ẹni tó ni funfun yìí, bóyá ló ti pa adìyẹ rí."

Lágbàyí figbe ta: "Mo fọ̀ ọ́ ni o! Ogún ọdún!"

"A ti sọ ọ́ tán," ni àgbà jùlọ wí. "Ta ló ní kó o fọ ẹlẹ́rìí rẹ dànù?"

Lọ́jọ́ ìwúyè Àtàndá, olórí tuntun ni yóò dú màlúù. Àtàndá sún mọ́ Lágbàyí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ibo lọ̀bẹ ń gbà wọlé?" Lágbàyí gba ọ̀bẹ, ó dú màlúù, ó bó o, ó kun ún. Nígbà tí wọ́n pín ẹran, Àtàndá ni wọ́n gbé iké, ìpín olórí, fún.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún ẹni tó fi oge nu àmì iṣẹ́ rẹ̀ nù pé èèkù funfun kì í jẹ́rìí alápatà.