Tábìlì Oyèwùsì

Ní ìlú kékeré kan tí ojú irin gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá, àgbẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Oyèwùsì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún un sì ni Láníyan. Láníyan kò bá bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko. Rélùwéè ló lọ, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ẹni ń ki ìyàwó ni. Níbi tó ti ń so àwọn wágùnnù tí ẹ́ńjìnnì ń fà mọ́ra lọ́jọ́ kan ni wágùnnù kan ti tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fọ́. Wọ́n gbé e wálé, kò sì rìn mọ́.

Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi kọjú sí ògiri. Oúnjẹ kò wù ú, ọ̀rọ̀ kò wù ú. Nígbà tó yá, ó ní kí bàbá òun bá òun wá ọ̀bẹ àti igi tó rọ̀. Ó gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó gbẹ́ wágùnnù tẹ̀lé e, ó gbẹ́ ibùdókọ̀ àti àwọn ilé kéékèèké tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Irin agbòòrùn tó ti ya ló tẹ̀ ṣe réèlì tí ọkọ̀ ń gbà. Ilẹ̀ ni wọ́n tò wọ́n sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó ilẹ̀ láti orí ibùsùn, ewúrẹ́ ilé sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi kan tábìlì tó ga tó ibùsùn mi," ni Láníyan wí. "Kí ó jẹ́ ọ̀nà méjì tó ṣeé so pọ̀, tó ṣeé tú, kí ẹ lè máa gbé e bí ẹ bá gbé mi jáde sí oòrùn. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní igi ìdábùú tó so wọ́n pọ̀ o. Bí ó bá ń mì, ọkọ̀ á yẹ̀ kúrò lórí réèlì."

Oyèwùsì ra pákó, ó sì fi han Ògúndìran káfíńtà, aládùúgbò rẹ̀. Ògúndìran fọwọ́ pa pákó náà, ó mi orí.

"Ó ṣì tutù. Jẹ́ kó gbẹ ná, kí n tó dá ihò sí i, kí a wá fi bóòtù onírin dè é."

"Títí dìgbà wo?"

"Ó di oṣù tó ń bọ̀."

"Sátidé yìí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní rélùwéè ń bọ̀ wá kí i," ni Oyèwùsì fèsì. "N kò fẹ́ kí wọ́n bá ọmọ mi ní kíkọjú sí ògiri."

Ó gbé pákó rẹ̀ lọ sílé. Ìṣó tó kọ́kọ́ kàn la igi náà, ó bá yọ ọ́ dànù. Ó se sítáàṣì kí ó ki, ó fi lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ojú tábìlì, ó so okùn mọ́ ọn. Ìdábùú kò sí níbẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó dúró, ó sì dùn ún wò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé tábìlì náà àti ọmọ rẹ̀ jáde sábẹ́ igi ọdán. Láníyan to ìlú rẹ̀ sórí rẹ̀, ó fi ìka ti ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì yí ìlú náà ká. Láníyan rẹ́rìn-ín. Oyèwùsì sá lọ sẹ́yìnkùlé, ó lọ sunkún.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Láníyan ní kí wọ́n kó o wọlé.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá a ní títò lọ́la."

Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lásìkò náà, ìrì sì ń sẹ̀ gan-an. Nígbà tí Oyèwùsì jáde láàárọ̀, gbogbo ìlú kékeré náà ti rin gbingbin. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Sítáàṣì ń ṣàn wálẹ̀ bí itọ́ ọmọ ọwọ́, okùn sì ti dẹ̀. Ẹsẹ̀ kan yà, ó sáré gbá a mú. Èkejì yà, kò ní ọwọ́ mìíràn. Gbogbo rẹ̀ wó lu gbòǹgbò ọdán. Ẹ́ńjìnnì là sí méjì.

"Bàbá," ni Láníyan pè láti inú yàrá, "kí ló wó?"

Oyèwùsì wọlé lọ sọ fún un.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, ní kíkọjú sí ògiri ni wọ́n bá a. Sàlámì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mú ẹ́ńjìnnì tó là náà wọlé.

"Láníyan, èyí ṣì ṣeé tún ṣe."

"Ẹ sọ ọ́ síná," ni ó wí, kò sì yíjú.

Nígbà tó yá, Ògúndìran kan tábìlì mìíràn, ó fi ìdábùú sí i, ó fi bóòtù dè é. Kò mì rárá. Ṣùgbọ́n Láníyan kò mú ọ̀bẹ mọ́ títí tó fi kú ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì.

Tábìlì náà wà lófìfo ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Oyèwùsì. Bí àlejò bá bi í pé kí ni wọ́n ń gbé lé e, bàbá arúgbó náà a ní, "Ìlú kan ni ọmọ mi kọ́. Itọ́ ni mo fi mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ará ìlú gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi di òwe, tí ẹni tó bá rí iṣẹ́ ìkánjú fi ń sọ pé: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.