Bí Omi Ṣe Dé Inú Àgbọn

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀ o!

Ààlọ́ mi já bọ́ láti òkè, ó balẹ̀ gbì sórí yanrìn etí òkun. Ó bá Àgbọn. Ó bá Akàn. Ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn ẹyẹ Ẹ̀gà.

Láyé àtijọ́, kò sí omi nínú Àgbọn. Wàrà ló kún inú rẹ̀, wàrà funfun tó ki. Ẹni tó bá mu ún, á lẹ̀ mọ́ ọn létè.

Ṣùgbọ́n Àgbọn kò rí ẹni bù ú fún. Òun nìkan ló dúró sí etí òkun. Àwọn igi yòókù ti sá wọ igbó lọ, wọ́n ní iyọ̀ òkun ń ta àwọn ní gbòǹgbò. Ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Bí Àgbọn bá jí láàárọ̀, ìgbì òkun nìkan ní í kí i, ìgbì kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Àgbọn á ní, "Mo jí ire o." Ìgbì ti lọ.

Ó dun Àgbọn. Ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín, ó dùn ún gan-an.

Ní ọjọ́ kan, Akàn yọ látinú ihò rẹ̀. Oòrùn ti pa á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, bàbá," ni Akàn wí.

Àgbọn ò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí. Ó wo ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń kí."

"Háà, ọmọ mi. Ṣé o jí ire? Báwo lo ṣe sùn? Wá, wá mu wàrà."

Akàn mu. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí yanrìn fi tutù. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá, ó mú Ọ̀kẹ́rẹ́ dání. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà lọ pe àwọn Ẹ̀gà. Ẹ̀yin náà mọ ariwo Ẹ̀gà. Wọ́n so ilé mọ́ imọ̀ Àgbọn, wọ́n ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àgbọn ní kí wọ́n máa pariwo wọn lọ, ó ní ìdákẹ́jẹ́ ti sú òun.

Wàrà wá ń lọ sílẹ̀. Àgbọn yọjú wo inú ara rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ó ní, "Bí wàrà yìí bá tán, wọn á lọ. Bí wọ́n bá lọ, ó ku èmi àti ìgbì."

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó níbẹ̀ yẹn, kí lẹ máa ń ṣe bí àlejò bá pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ? Ẹ̀ ń bu omi sí i. Ẹ má wolẹ̀, gbogbo wa la mọ̀.

Ohun tí Àgbọn ṣe náà nìyẹn. Omi òjò wà ní ìdí imọ̀ rẹ̀. Ó bu díẹ̀ là á. Wọ́n mu ún, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Àwọn Ẹ̀gà tún kó ẹbí wá. Àgbọn tún bu omi là á. Ọ̀kẹ́rẹ́ mu, ó fi ahọ́n lá ètè. Ó ní, "Bàbá, wàrà yìí ò lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu lónìí."

"Ooru ló mú un," ni Àgbọn wí. "Wàrà gidi ni."

Nígbà kẹta, ó bu omi là á títí a fi ń rí ìsàlẹ̀ igbá. Àwọn Ẹ̀gà tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Omi lásán rèé." Wọ́n fò lọ sínú igbó, wọ́n fi ilé òfìfo sílẹ̀ lórí imọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò tilẹ̀ dágbére.

Ó ku Akàn. Akàn di igbá mú, kò mu.

"Bàbá, kí lẹ bù fún mi?"

"Wàrà ni."

"Bàbá."

"Wàrà ni, ọmọ mi. Mu ún."

Akàn gbé igbá sílẹ̀. Ó ní, "Etí òkun ni mò ń gbé. Ṣé nǹkan mímu ló wọ́n mi? Ẹ̀yin lẹ bi mí bí mo ṣe sùn. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mò ń tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn. Bí ẹ bá sọ pé wàrà ti tán, a ó jọ jókòó lásán. Ṣùgbọ́n ẹ bu omi là á, ẹ wo ojú mi, ẹ ní wàrà ni. Ní báyìí, bí ẹ bá bi mí bí mo ṣe sùn, mi ò mọ̀ bóyá ẹ bu omi la ìyẹn náà."

Akàn fẹ̀gbẹ́ rìn wọ ihò lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Àgbọn kọrin:

Akàn ọmọ mi, ṣé o jí?
Yanrìn ń gbẹ.
Oòrùn ti yọ, ṣé o jí?
Yanrìn ń gbẹ.
Mi ò bu omi là á mọ́, ṣé o jí?
Yanrìn ń gbẹ.

Akàn ò yọ. Ó tún kọ ọ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbì ló wá, ìgbì ló lọ.

Nígbà náà ni Àgbọn kó ìwọ̀nba wàrà gidi tó ṣẹ́kù, ó fi rẹ́ ògiri inú ara rẹ̀, kó má bàa bá omi lọ. Èyí tó ti bu omi là, kò rí ẹni fún, kò sì lè dà á nù, ó jẹ́ kó wà láàárín. Ó wá fi èèpo líle bo gbogbo rẹ̀.

Ó dá ojú mẹ́ta sára èèpo náà bí ilẹ̀kùn. Ọ̀kan wà fún Ẹ̀gà, ó dí i pa. Ọ̀kan wà fún Ọ̀kẹ́rẹ́, ó dí i pa. Ẹ̀kẹta ni ti Akàn. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á láti dí ìyẹn.

Ìdí nìyí tí omi fi wà nínú àgbọn dòní, tí funfun rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ògiri, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní láti fọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ní àgbọn nílé, ẹ wo ojú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì le bí òkúta. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀kẹta, ó rọ̀. Akàn ò tíì wá kan ilẹ̀kùn.

Bí mo bá bu omi la àlọ́ yìí, kí agogo ẹnu mi má dún. Po, po, po. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.