Yánrin Àwẹ̀ró

"Kí o tó ro ó, jẹ́ kó tanná." Àgbẹ̀ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí á rẹ́rìn-ín. Ta ló ń dúró de koríko kó tanná kó tó gbé ọkọ́? Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ! Àmọ́ ọ̀lẹ kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Oyèníran ni, ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ nídìí ọkọ́ ní gbogbo Ìdí-Àràbà.

Oyèníran fẹ́ràn Àwẹ̀ró débi pé, bí ọmọbìnrin náà bá rẹ́rìn-ín sí i láàárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán kì í wù ú jẹ mọ́. Bàbá Àwẹ̀ró ti gbà láti fi í fún un. Ó ku kí Àwẹ̀ró jọ́hẹn. Lọ́jọ́ tí Oyèníran bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀ láti bá àna rẹ̀ roko, Àwẹ̀ró gbómi wá fún wọn, ó sì nawọ́ sí ẹ̀bá àpáta kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro ibẹ̀ yẹn o. Ẹ̀fọ́ yánrin wà láàárín koríko yẹn. Ìyá mi ló hú u wá láti ìlú wọn kó tó kú."

"Èwo ni yánrin níbẹ̀? Gbogbo wọn jọra lójú mi," ni Oyèníran wí.

"Ewé wọn ló jọra. Ẹ jẹ́ kó tanná, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Òdòdó rẹ̀ á là láàárọ̀, aláwọ̀ ìyeyè, bí oòrùn kékeré."

Bó ṣe yẹ̀yìn, Láoyè ọ̀rẹ́ Oyèníran bú sẹ́rìn-ín. "Oyè, o ò tíì gbéyàwó, o ti ń gbàṣẹ! Kí bàbá ìyàwó wá bá igbó lóko, kó ní ọ̀lẹ lòun fẹ́ fọ́mọ fún?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Oyèníran lára. Ó ro ẹ̀bá àpáta náà mọ́ fínnífínní, ó hú gbòǹgbò, ó sá wọn sóòrùn.

Kò tíì fi ọkọ́ lélẹ̀ tí bàbá dé. "Àna mi, o kú iṣẹ́! Ọkùnrin ni ọ́!"

Àwẹ̀ró tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ẹnu ọkọ́ náà. Oje funfun ló bá a wá, bíi wàrà ọmú. Koríko lásán kì í ní oje báyẹn.

Oyèníran ní, "Màá wá òmíràn fún ọ, Àwẹ̀ró. Ibi yòówù kó wà!"

"Ẹ lè rí yánrin. Ẹ ò lè rí èyí tí ìyá mi fọwọ́ gbìn." Omijé dà lójú rẹ̀. "Bí ẹ ò bá lè dúró de ewéko lásán, ọjọ́ tí mo bá ní kí ẹ dúró de èmi ńkọ́?"

Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí, kò jọ́hẹn. Kí òjò ọdún kejì tó dé, Àwẹ̀ró ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó ti wà nílé ọkọ lókè odò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò náà, Oyèníran ń gba ẹ̀bá àpáta yẹn kọjá lọ sóko. Gbòǹgbò kan tí ọkọ́ rẹ̀ fò ti hù. Ó ti tanná, aláwọ̀ ìyeyè. Ó mọ̀ ọ́n wàyí. Ó dúró tì í títí oòrùn fi mú, tí òdòdó náà pa ojú dé.

Nígbà tó dóko, Láoyè ti gbé ọkọ́ sókè. "Oyè! Kí ló dá ọ dúró?"

"Rọra, Láoyè. Kí o tó ro ó, jẹ́ kó tanná."

Láoyè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rọra sọ ọkọ́ kalẹ̀.