Páìpù tí Ẹ̀gbọ́n Kì Bọ Sípánà

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yìn ilé ìdáná Fọlárìn ni òwe yìí ti fojú han.

Ọkọ̀ Fọlárìn ń sáré bí àṣá, nítorí ẹ̀rọ kan wà lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ipá yẹn náà ló sì jẹ ẹ́ run nínú. Fọlárìn tú u palẹ̀ sílé, ó fi irin tó nípọn pààrọ̀ èyí tó ti bàjẹ́, torí ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà bá òun kalẹ́. Ó wá ku kí ó dé ọmọrí rẹ̀ pa. Ó rọra ń fún àwọn nọ́ọ̀tì gígùn tó wọnú irin rẹ̀, ó fún tibí díẹ̀, ó fún tọ̀hún díẹ̀, ni Adéwùsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé.

"Ṣé bí ọkùnrin ṣe ń fún nọ́ọ̀tì nìyẹn? Ohun tó bá máa pẹ́, ó yẹ kó fún pinpin!"

Ó gba sípánà, ó ki páìpù gígùn bọ ìdí rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ó sì rọ̀ mọ́ ọn. Fọlárìn fẹ́ gbà á padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n mi."

Pàù! Nọ́ọ̀tì ṣẹ́, ìdajì rẹ̀ há sínú irin.

Títí oòrùn fi wọ̀ ni àwọn méjèèjì ń wá bí wọn yóò ṣe yọ ọ́. Nígbà tó jáde tán, Adéwùsì nu sípánà náà.

"Máa ṣe é bó o ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀," ló wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àbúrò rẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà.