Bí Ẹfúnyẹlá Ṣe Di Yèyé Agépèrègún

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Yèyé, kí ẹ ṣí fìlà. Ohun tí ìyá tó bí ìyá mi sọ fún mi ní ojúbọ yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní àtètèkọ́ṣe, nígbà tí Ìdójè kò tíì ju ogójì ilé lọ, tí ẹkùn ṣì ń mu omi nínú odò tí à ń pọn, baba tó tẹ ìlú dó gbin pèrègún kan sí ẹnu ààlà, ó sì kìlọ̀ pé ọjọ́ tí igi náà bá kú ni kí wọ́n di ẹrù wọn, nítorí ilẹ̀ ti kọ̀ wọ́n nìyẹn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Adétìmíkàn, jọba, ọba tí ìbínú rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ dé ẹnu, ewé pèrègún náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba pàṣẹ kí gbogbo ilé máa da omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí omi ti ń pọ̀ ni igi ń rẹ̀ sí i. Àwọn kan ti ń di ẹrù.

Ẹfúnyẹlá ni ìyàwó ọba tó kéré jù, obìnrin tí kò bímọ, tó ń fi ọgbà ẹ̀yìnkùlé ṣe ọmọ. Ó ki ìka bọ ìdí igi náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

“Kábíyèsí, omi ló ń pa á. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, kí n sì gé orí rẹ̀, kó lè rú.”

“Igi tí baba mi gbìn? Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kàn án yóò bá a lọ.”

Ẹfúnyẹlá dìde, ó lọ mú ọ̀bẹ. Lọ́sàn-án gangan, níṣojú gbogbo ìlú, ó gé orí pèrègún náà ní gígé kan, ó ri orí náà mọ́ ilẹ̀ oníyanrìn, ó kó ẹrẹ̀ kúrò nídìí kùkùté, ó sì gé ẹ̀ka tó ṣíji bò ó kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án. Wọ́n dì í mú. Àwọn ìjòyè bẹ̀bẹ̀ títí ọba fi fún un ní oṣù kan: kó jókòó ti kùkùté náà, bí kò bá rú, ibẹ̀ ni wọn yóò sin ín sí.

Ó jókòó. Oòrùn pa á, òjò pa á. Oṣù pé, kùkùté kò yọ nǹkan kan. Ọba dé láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn onídà rẹ̀.

“Kábíyèsí,” Ẹfúnyẹlá wí, “èèyàn ló ń ka oṣù. Igi kì í kà á.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú ọgbẹ́ igi náà. Awọ ọwọ́ rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ó gun apá, ó gun ọrùn. Ẹnikẹ́ni kò rí i kó dìde, ẹnikẹ́ni kò sì rí i kó ṣubú. Aṣọ rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níbi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà, èéhù méjì yọ jáde, wọ́n rọ̀ bí èékánná ọmọ tuntun. Adétìmíkàn, ọba tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó mi.”

Yèyé Agépèrègún, ọlọ́bẹ tí kì í pani, a-dá-ọgbẹ́-kó-lè-dọmọ! Ìdí nìyí tí a kì í fi bomi rin pèrègún láìki ìka bọlẹ̀, tí ọ̀bẹ tó gé ẹran kò gbọdọ̀ kàn án, tí ọba Ìdójè kì í wọ bàtà dé ibí, tí ẹbọ Yèyé kì í ju omi tútù ẹnu ahá kan lọ.

Ìyá tó jókòó ti ògiri yẹn gbé pèrègún tiwọn wá láti pálọ̀ wọn n'Ílọrin, nínú ìkòkò; ewé mẹ́ta ló kù lórí rẹ̀. Ìyá, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Ó tutù jù, àbí? Ẹ gba ọ̀bẹ. Èmi kò ní bá yín gé e. Ọwọ́ ẹni tó ni ín ni Yèyé ń gbà. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún wọn.